Dọ́là Márùn-ún Lóòjọ́: Henry Ford àti Àwọn Tó Ṣiṣẹ́ Fún Un

Ní ìdájí ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tò sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Highland Park, ìlú kékeré kan tí Detroit yí ká ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Òtútù ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Èrò pọ̀ débi pé àwọn tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà wọlé, ni àwọn ọlọ́pàá bá tú omi panápaná lé wọn lórí. Omi náà di yìnyín mọ́ wọn láṣọ.

Ìkéde kan tó jáde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló kó wọn jọ. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, Henry Ford àti James Couzens, ẹni tó ń bójú tó owó ilé iṣẹ́ náà, pe àwọn akọ̀ròyìn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá kúnjú òṣùwọ̀n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là márùn-ún lóòjọ́, wákàtí mẹ́jọ ni yóò sì máa fi ṣiṣẹ́ dípò mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 2.34 lọ. Ìròyìn náà tàn ká ayé. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń ṣe tàwọn olówó bẹnu àtẹ́ lù ú pé Ford fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún àwọn agbanisíṣẹ́ yòókù. Àwọn mìíràn kí i bí olùgbàlà mẹ̀kúnnù.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì ń sọ ìtàn dọ́là márùn-ún bí ìtàn ọ̀làwọ́. Ọ̀làwọ́ kọ́ ló bí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sá lọ ló bí i.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Ford. Ọdún 1863 ni wọ́n bí i sí oko baba rẹ̀, ẹni tó ti Ireland ṣí wá, ní àdúgbò tó di Dearborn lónìí. Iṣẹ́ oko kò wù ú. Ohun tó bá ti ń yí, tó ń dún, ló máa ń fà á mọ́ra. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó forí lé Detroit láti lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1896, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Edison ní ìlú náà, ó parí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó háyà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere ló ní. Nígbà tó fẹ́ gbé e jáde, ẹnu ọ̀nà kò gbà á, ló bá fa àáké yọ, ó sì wó ògiri náà. Ọkùnrin tí gbogbo ayé yóò wá kọ́ ètò iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbàgbé láti wọn ilẹ̀kùn.

Ilé iṣẹ́ méjì ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn ẹlòmíràn, méjèèjì ló sì yí i dànù. Èyí èkejì ni àwọn tó kù síbẹ̀ sọ di Cadillac lẹ́yìn tí Ford ti bínú kúrò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà ọdún 1903, wọ́n forúkọ Ford Motor Company sílẹ̀ pẹ̀lú $28,000. Oníṣòwò èédú kan wà lára àwọn tó dáwó náà, àwọn arákùnrin Dodge méjèèjì tó ń bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì sì wà níbẹ̀. Arábìnrin Couzens, tó jẹ́ tíṣà, fi ọgọ́rùn-ún dọ́là kan ṣoṣo sí i. Nígbà tí Ford ra ìpín gbogbo wọn padà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1919, ọgọ́rùn-ún dọ́là obìnrin náà ti di ohun tó lé ní $260,000.

Model T ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1908, owó rẹ̀ sì jẹ́ bíi $850. Ó ga nílẹ̀, ó lágbára, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó ń bẹ ní ìgbèríko Amẹ́ríkà ìgbà náà kò bà á lẹ́rù, àgbẹ̀ tó bá sì mọ bí a ti ń tún ọkọ́ ṣe lè tún un ṣe. Títí wọ́n fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 1927, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n tà. Ohun tí Ford ń lé lójoojúmọ́ ni bí owó ọkọ̀ náà yóò ṣe máa wálẹ̀. Ohun tó ń lé yìí ló bí ìlà ìtòpọ̀.

Ilé ìpẹran ńláńlá ní Chicago wà lára ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á so òkú ẹran kọ́ sórí irin tó ń rìn, alápatà kọ̀ọ̀kan á dúró sójú kan, á gé ibi tirẹ̀, ẹran á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Àwọn ẹnjiníà Ford yí i padà: dípò kí wọ́n máa tú odidi nǹkan palẹ̀, wọ́n ń to ègé pọ̀ títí yóò fi di odidi. Láàárín ọdún 1913 sí 1914, ọkọ̀ tó ń gbà tó wákàtí méjìlá àbọ̀ láti tò wá di ohun tí wọ́n ń tò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ó dára fún ọkọ̀, kò dára fún èèyàn. Ẹni tó ti jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè ti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ òpin rẹ̀ di ẹni tó ń dè nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ìlà náà bá ṣe yára sí ni ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yára sí. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére. Ní ọdún 1913 nìkan, kí òṣìṣẹ́ bíi 14,000 lè wà lẹ́nu iṣẹ́, Ford ní láti gba èèyàn tó lé ní 52,000. Ta ni yóò máa kọ́ gbogbo wọn? Ìgbà tí ìnáwó náà fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ mì ni dọ́là márùn-ún dé. Ford fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó yá pé ó wà lára ọgbọ́n ìdínáwókù tó dára jù tí àwọn ta rí.

Owó náà sì ní ìdí tí wọn kì í tètè sọ. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni owó iṣẹ́ gan-an. Wọ́n pe ìyókù ní ìpín nínú èrè, kì í sì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n yọ àwọn obìnrin kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún kò ní gbà á àyàfi bó bá ń gbọ́ bùkátà ẹbí. Ilé iṣẹ́ náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n á bèèrè bóyá baálé ilé ń mutí, bóyá ó gbé obìnrin níyàwó bó ṣe yẹ, èló ló fi pa mọ́ sí báńkì, ṣé ó ń gba ayálégbé sínú ilé, ṣé inú ilé mọ́. Àwọn aládùúgbò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Ẹni tí wọ́n bá rí àléébù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dá ìpín èrè rẹ̀ dúró títí yóò fi yí ìwà padà. Ìwọ̀fà tó ń sin olówó nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́ pàápàá, bó bá ti parí iṣẹ́ olówó, ilé ara rẹ̀ ni ilé ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ àjèjì tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, tí wọn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ford dá ilé ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ fún wọn, lílọ síbẹ̀ sì di dandan. Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n gbé ìkòkò ràgàjì kan kalẹ̀ sórí pèpéle. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọ́n sì jáde ní òdìkejì nínú kóòtù bíi ti ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rò pé àwàdà ni.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ Ford fi nà kọjá inú ilé òṣìṣẹ́. Ó ra ìwé ìròyìn kan, Dearborn Independent, nígbà tó sì di ọdún 1920 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ba àwọn Júù lórúkọ jẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń bá a ta ọkọ̀ ni wọ́n tún ní kí wọ́n máa pín in kiri. Ẹjọ́ ni ó mú kó tọrọ àforíjì ní ọdún 1927. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ìjọba Hitler.

Fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sá fún ìyà Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Ford ní ojú méjì. Kò sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tó gbà wọ́n síṣẹ́ tó o, owó kan náà ló sì ń san fún dúdú àti funfun. Ìwé láti ọwọ́ pásítọ̀ ìjọ wọn sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá wọlé, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin nínú ooru ni wọ́n máa ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, nínú ilé iṣẹ́ gìrìwò tí Ford kọ́ sí etí odò Rouge, níbi tí irin tútù ti ń wọlé láti inú ọkọ̀ ojú omi, tí mọ́tò sì ń gba òdìkejì jáde.

Ọ̀dá owó ọdún 1929 ló já ìlérí náà. Ford kọ́kọ́ fi tẹ̀gàn tẹ̀gàn gbé owó òòjọ́ lọ sókè sí dọ́là méje, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún 1932 ó ti já wálẹ̀ sí mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì ti di aláìríṣẹ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn rìn láti Detroit lọ sí ilé iṣẹ́ Rouge láti béèrè iṣẹ́, ìtọ́jú ìlera àti ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yin tajútajú sí wọn, wọ́n tún tú omi tútù lé wọn lórí nínú òtútù gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún 1914. Lẹ́yìn náà ni ìbọn dún. Mẹ́rin kú, ẹnì karùn-ún sì kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Aláwọ̀ dúdú ni ẹnì karùn-ún yìí, nítorí náà itẹ́ òkú tí wọ́n sin àwọn yòókù sí kò gbà á.

Nígbà tó di ọdún 1937, General Motors àti Chrysler ti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú UAW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Ford ní òun kò ní fọwọ́ sí i láéláé. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ ni Harry Bennett, ọkùnrin tó kó àwọn ajẹ̀ṣẹ́-jẹun àti àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé jọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́. Àwọn amí rẹ̀ wà káàkiri. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, Walter Reuther, Richard Frankensteen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gun orí afárá tó wà níwájú Rouge láti pín ìwé ìléwọ́. Bí wọ́n ṣe dúró tí àwọn ayàwòrán ń yà wọ́n ni àwọn ọmọ Bennett yọ sí wọn. Wọ́n gbé Reuther sókè, wọ́n là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tì í láti orí àtẹ̀gùn wálẹ̀. Wọ́n fa kóòtù Frankensteen bò ó lójú kí wọ́n tó máa ta á nípàá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọjú sí àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n ń gba kámẹ́rà, wọ́n ń fa ìwé àkọsílẹ̀ ya. James Kilpatrick, ayàwòrán fún Detroit News, ti yára fi àwọn àwòrán rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò wúlò ló kó fún wọn. Bennett sọ fún aráyé pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ ló fa ìjà, pé ọwọ́ àwọn èèyàn òun mọ́. Àwòrán Kilpatrick jáde, irọ́ náà sì wó.

Ó tún tó ọdún mẹ́rin kí ó tó parí. Nígbà tí ìjọba ṣètò ìbò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Ford lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù kẹrin ọdún 1941, àwọn tó ní àwọn kò fẹ́ ẹgbẹ́ kankan kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin tó gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ òun fẹ́ràn òun bí baba gba èsì náà sára bí ìlù kùmọ̀. Charles Sorensen, tó bá a ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Clara ìyàwó rẹ̀ ló halẹ̀ pé òun yóò kúrò nílé bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ta sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Ford fọwọ́ sí i, ohun tó sì fún ẹgbẹ́ náà ju èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ méjì yòókù fún un lọ.

Edsel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kú ní ọdún 1943. Ọmọ Edsel, Henry Ford kejì, gba àkóso ní ọdún 1945. Bennett wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lé dànù. Baba àgbà náà kú ní alẹ́ ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1947. Odò Rouge ti kún, ó sì ti ba iná jẹ́. Àbẹ́là àti fìtílà elépo ni wọ́n tàn yí ẹni tó ti jẹ́ ẹnjiníà Edison ká.

Mustang ti ọdún 1964 mú ilé iṣẹ́ náà lórí yá, Pinto ti ọdún 1970 sì dójú tì í. Nígbà tí gbèsè dé ọrùn ní ọdún 2006, wọ́n yá owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́tàlélógún dọ́là. Yàtọ̀ sí ilé àti ẹ̀rọ, wọ́n fi àmì aláwọ̀ búlúù tí orúkọ Ford wà nínú rẹ̀ ṣe ohun ìdúró. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ di ìwọ̀fà. Owó yẹn ni kò jẹ́ kí Ford wọko gbèsè bíi General Motors àti Chrysler ní ọdún 2009, ọdún 2012 ni wọ́n sì tó rí orúkọ wọn gbà padà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, UAW da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ọ̀kan lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ gbà láti fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn láàárín ọdún mẹ́rin àbọ̀. Ford ni.