Ìrèké Ṣábẹ̀, sìmẹ́ǹtì Onigbolo: ohun tí ìwé ìṣirò owó sọ, àti ohun tí kò sọ

Láàárín 1975 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà jọ dá ilé-iṣẹ́ ńlá méjì sílẹ̀ ní agbègbè Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Société Sucrière de Savè. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onigbolo, lójú ọ̀nà tó ti Pọ̀bẹ̀ lọ sí Kétu. Ní Ṣábẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ ní ìpín 49 nínú 100, Nàìjíríà ní 46, ilé-iṣẹ́ Lonrho ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mú 5 tó kù. Ní Onigbolo, 51 ni ti Bẹ̀nẹ̀, 43 ni ti Nàìjíríà, 6 sì ni ti F. L. Smidth, àwọn ará Dẹ́ńmákì tó ń ṣe ẹ̀rọ sìmẹ́ǹtì. Ètò wọn ni pé Onigbolo yóò máa mú 500,000 tọ́ọ̀nù jáde lọ́dún, Ṣábẹ̀ yóò sì máa mú ṣúgà bí 40,000 tọ́ọ̀nù jáde. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn.

Ìṣàkóso burúkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. N kò ní sọ pé wọ́n purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso kò dáhùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní oníṣirò owó. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe bilan. Kí ló dé tí ìwé náà kò fi tètè kígbe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe díwọ̀n iṣẹ́ náà kí wọ́n tó dá owó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdókòwò kan dára ní láti fojú díwọ̀n owó tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún, kí ó yọ ìnáwó kúrò, kí ó sì rántí pé owó tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò tó iye kan náà tó wà lọ́wọ́ lónìí. Ìṣirò náà kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lè ṣe é. Ohun tó le ni iye tí a ó fi bẹ̀rẹ̀: èló ni a ó ta ọjà náà, ta ni yóò sì rà á?

Ní 1975, ìdáhùn méjèèjì dà bí ohun tó hàn kedere. Ní Oṣù Kọkànlá 1974, ìwọ̀n pọ́ùn kan ṣúgà lọ sókè ju 60 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà lọ ní ọjà àgbáyé. Ní ti sìmẹ́ǹtì, ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kò ní gbà gbọ́: Nàìjíríà bẹ sìmẹ́ǹtì bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, ó ju agbára èbúté lọ fíìfíì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun sì tò sójú omi tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní sọ pé kí a kọ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ẹ̀bá ẹnubodè? Owó epo ń wọlé ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn ń kọ́lé, wọ́n sì ń mu tíì.

Lójú mi, ibí yìí ni àṣìṣe ti wọlé, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó dé lẹ́yìn. Wọ́n fi iye owó ọdún tó ga jù lọ ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n sì gbé apá tó pọ̀ jù nínú ọjà náà lé oníbàárà kan ṣoṣo, tó tún jẹ́ onípìn-ín. Onípìn-ín fẹ́ kí ọjà wọ́n kí èrè lè pọ̀; oníbàárà fẹ́ kí ó pọ̀ kí òun lè rà á ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí nǹkan bá le, ẹ̀gbẹ́ wo ni onítọ̀hún yóò tẹ̀ sí?

Nǹkan sì le. Ní 1982, owó epo já, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àṣẹ dí ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé lọ́nà. Ní Oṣù Kẹrin 1984, wọ́n ti ẹnubodè pa, kò sì ṣí títí di 1986. Ní Oṣù Kẹfà 1985, pọ́ùn ṣúgà tó ju 60 sẹ́ǹtì lọ tẹ́lẹ̀ kò tó sẹ́ǹtì mẹ́ta mọ́. Nígbà tí ẹnubodè wá ṣí, náírà já wálẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n owó sefa, tí wọ́n so mọ́ owó Faransé, kò mira. Ọjà tí a fi sefa ṣe di ọ̀wọ́n lójú ẹni tó ń ná náírà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé ìṣirò. Ètò ìṣirò tó gbilẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè wa tó ń sọ Faransé nígbà náà ni ètò OCAM ti 1970. Ní kíláàsì 2 ni a ń kọ ilé, ẹ̀rọ àti ilẹ̀ sí, ní iye tí a ná lé wọn lórí. Lọ́dọọdún ni a ń yọ díẹ̀ kúrò nínú iye ilé àti ẹ̀rọ, èyí tí a mọ̀ sí amortissement. Mo dá àpẹẹrẹ kan: ẹ̀rọ tí a rà ní 20 mílíọ̀nù sefa, tí a ní yóò lo ogún ọdún. Mílíọ̀nù kan ni a ó máa yọ lọ́dọọdún. Ní ìparí ọdún kẹjọ, ó ku mílíọ̀nù 12 nínú ìwé. Bí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, mílíọ̀nù 12 ni. Bí ẹnubodè bá tì tí ìpáta ń jẹ ẹ́, mílíọ̀nù 12 náà ni, àyàfi bí ẹnìkan bá dìde tó ní kí a kọ àdánù sílẹ̀.

Òfin gba ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ láyè. Ta ni yóò kọ ọ́? Ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́, òun ló yan ọ̀gá, òun ló sì ń ka ìwé náà. Kì í ṣe pé ètò OCAM jẹ́ ètò òpònú. Ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìṣètò ọrọ̀ ajé, tó fẹ́ fi ìwé gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ ohun tí orílẹ̀-èdè mú jáde lọ́dún. Onítọ̀hún kò béèrè bóyá Ṣábẹ̀ tó ohun tí a ná lé e.

Àwọn ìyá tó ń tajà ní Àjàṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò rí nínú ìwé ìṣirò tí mo fi Faransé kọ́ nílé ìwé: ojú owó. Bí aṣọ tí ìyá kan rà ní 10,000 bá di 6,000 ní ọjà, kì í sọ pé ẹrù 10,000 wà lọ́wọ́ òun. Yóò ní ojú owó òun ti bàjẹ́, yóò sì tà á kí ó tó di 4,000. (Kí n má gbé wọn ga jù: èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í ṣírò agbára tiwọn mọ́ ìnáwó, nítorí náà èrè tí wọ́n rò pé àwọn jẹ máa ń ju èyí tó wà lọ.)

Àwọn ilé ìfowópamọ́ ìjọba náà kò kọ àdánù wọn sílẹ̀. Gbèsè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba jẹ wọ́n wà nínú ìwé bí ohun ìní, títí tí ilé ìfowópamọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wó ní 1988 àti 1989, tí owó-oṣù kò fi ṣeé san mọ́, tí Àpérò Orílẹ̀-Èdè fi wáyé ní Oṣù Kejì 1990.

Lẹ́yìn èyí ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé. SYSCOA ti àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ti OHADA tẹ̀ lé e ní 2001, wọ́n sì tún ti OHADA ṣe ní 2017, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Láti 2019, ilé-iṣẹ́ tó bá ń tà ìpín fún gbogbo ayé, bí èyí tó wà ní ọjà ìpín Abidjan, gbọ́dọ̀ tún ṣe ìwé rẹ̀ ní ìlànà àgbáyé IFRS. Nínú ìlànà yìí, òfin IAS 36, tó jáde ní 1998, béèrè ohun tí ìyá Àjàṣẹ́ ń béèrè: bí àmì bá fi hàn pé ohun ìní kan ti dín kù, èló ni yóò tún mú wọlé? Bí kò bá tó iye tó wà nínú ìwé, ẹ kọ àdánù.

Mo ti gbọ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé bí irú òfin yìí bá ti wà ní 1984, Ṣábẹ̀ ìbá ti là. N kò gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, Ṣábẹ̀ kò ta ìpín ní gbangba. Bí ó bá wà lónìí bó ṣe wà nígbà náà, IFRS kò kàn án. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí a bá bi pé èló ni ilé-iṣẹ́ yìí yóò mú wọlé yóò tún padà sídìí àfojúdíwọ̀n. Àwọn tó fi iye owó 1974 díwọ̀n iṣẹ́ náà ni ìbá tún dáhùn, wọn ìbá sì ní ẹnubodè yóò ṣí láìpẹ́. Ohun tí òfin tuntun lè ṣe ni pé kí wọ́n kọ àfojúdíwọ̀n náà sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹlòmíràn lè bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ní 1975, abẹ́ àpótí ìjọba ni ó wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ta Onigbolo fún aládàáni. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ Complant ti Ṣáínà yá ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀. Ìrèké tún hù. Ohun kan ló kù tó ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá padà sí kíláàsì 2. Nọ́ńbà 22 ni ti ilẹ̀. Iye tí ilé-iṣẹ́ san fún un nìkan ni a ń kọ síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ìrèké gbà ní Ṣábẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, iṣu àti àgbàdo sì ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú jáde lọ́wọ́ àgbẹ̀ ibẹ̀. Ìkórè ọdún tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí ìrèké kò jáde, tí iṣu náà kò sì jáde, kò sí nọ́ńbà tí a ń kọ ọ́ sí.