Ìdí tí ìyá àgbà mi fi máa ń béèrè pé "ìwé ẹ ńkọ́?"



Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Manchester. Ọdún 2024 ló lọ, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè wá lórí WhatsApp. Mọ́mì á bi í bóyá ó ti jẹun. Dádì á bi í nípa òtútù. Èmi á tọrọ owó dátà, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá ti dé ọwọ́ ìyá àgbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: "Àkànní, ìwé ẹ ńkọ́? Ṣé ó pé?"

A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìmígíréṣọ̀n" là ń pè wọ́n lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ni mo wá gbé fóònù síwájú wọn pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì, mo bá bi wọ́n nídìí ìbéèrè yìí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn.

Kumasi ni wọ́n bí ìyá àgbà mi sí, lọ́dún 1952. Bàbá wọn àti ìyá wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìran tiwa ló dá japa sílẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí òmìnira tó dé rárá ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ẹ̀jìgbò, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń kó lọ sí Gold Coast, ibi tá a wá ń pè ní Gánà lónìí. Ẹ wo àwọn ìlú yẹn dáadáa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, kòkó ò ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wọn bó ṣe ń ṣe l'Óǹdó. Owó orí ń bẹ láti san, owó ìyàwó ń bẹ láti san, kò sì sí ohun ọ̀gbìn tó ń mú owó gidi wá. Gold Coast ní tiẹ̀ ti di ibi tí kòkó ti pọ̀ jù lọ láyé láti 1911. Àgbẹ̀ tó bá ta kòkó á fẹ́ ra aṣọ, abọ́, fìtílà, ìṣáná. Ta ló máa ru ọjà yẹn dé abúlé fún un? Àwọn èèyàn wa ni.

Wọn ò sì débẹ̀ di ọ̀gá lójijì o. Ọmọkùnrin á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ẹni tó jẹ́ ará ilé rẹ̀, á máa gbé àtẹ kiri fún un lọ́dún bíi mélòó kan, kò sí owó oṣù. Oúnjẹ àti ibi tó máa sùn ló máa rí. Tó bá ṣe é dáadáa, ọ̀gá á kó ọjà fún un kó fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, òun náà á sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n mú àbúrò òun wá. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ṣoṣo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń ní èèyàn mẹ́wàá ní Gánà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn ọkùnrin yìí ń jókòó ti àtẹ lọ́jà, wọ́n ń tú páálí ọjà ta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nílé, ọkùnrin wo ló máa gbà kí wọ́n rí òun nídìí irú àtẹ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní iṣẹ́ obìnrin ló ń ṣe. Ní Kumasi, kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ débi tí ojú á fi tì ọ́. Àbúrò mi gboyè nínú ìṣírò owó. Lóru àná, aṣọ ìbùsùn ló ń pààrọ̀ fún bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mi ò fojú di iṣẹ́ náà o, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn bàbá yẹn. Mo kàn ń sọ pé fọ́tò tó ń fi síta fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, kò sí aṣọ ìbùsùn níbẹ̀.

Àwọn àgbà náà ní fọ́tò tiwọn. Yàrá méjì ni bàbá ìyá àgbà mi rẹ́ǹtì ní Kumasi. Èèyàn mọ́kànlá ló ń sùn síbẹ̀, abọ́ tánganran sì kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́lé oníyàrá mẹ́jọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, páànù ni wọ́n fi bò ó. Tí wọ́n bá ń lọ sílé fọ́dún, wọ́n á yá aago ọwọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ìyá àgbà ní, "Bàbá mi ò sun ilé yẹn tó oṣù mẹ́ta lápapọ̀ kí wàhálà tó dé." Àwọn tó wà nílé ń gbádùn ilé, ẹni tó kọ́ ọ ń sùn lórí ọjà.

Ayé wọn lọ́hùn-ún ò ṣe bákan náà pẹ̀lú ti Àkànní o. Àwọn obìnrin náà lọ, wọ́n sì ní òwò tiwọn, owó tiwọn. Ìyá ìyá àgbà mi ń ta aṣọ, ọkọ wọn ò sì mọ iye tó wà nídìí ìró wọn. Ẹgbẹ́ parapọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣèpàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó òkú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní Gánà lónìí, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé e débẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń pè wá ní Alata. Ọṣẹ dúdú wa di "alata samina" lọ́dọ̀ wọn, orúkọ yẹn ò sì tíì parẹ́. Ní ti Manchester, ẹni tí òun àti àbúrò mi jọ ń gbé ní ìyàwó nílé, kò lè mú un lọ. Láti oṣù kẹta 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó ń bọ̀ má kó ìyàwó àtọmọ dání mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀ ìwé.

Nígbà tí àwọn bàbá yìí ń lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà lórí Nàìjíríà àti Gold Coast. Bí èèyàn ṣe ń ti Ìbàdàn lọ sí Kánò ni wọ́n fi ń wò ó. Gánà gba òmìnira ní 1957, àwa gba tiwa ní 1960. Àwọn èèyàn wa ò kúrò lójú kan, wọ́n jí lọ́jọ́ kan wọ́n di àlejò. Nínú ìkànìyàn tí Gánà ṣe lọ́dún 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Òfin àlejò jáde ní 1963, àmọ́ ta ló kà á sí? Ẹni tí wọ́n bí sí Kumasi, kí ló fẹ́ fi ìwé ìgbélùú ṣe?

Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1969, ọrọ̀ ajé Gánà ti dẹnu kọlẹ̀. Gbèsè pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ ò sí, àwọn aráàlú sì ń sọ pé àlejò ló gba gbogbo ọjà lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ìjọba Busia kéde pé kí àlejò tí kò bá níwèé lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré!

Ìyá àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ní bàbá wọn lọ tò fún ìwé lọ́jọ́ mẹ́ta, ìlà ò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta abọ́. Àwọn oníbàárà wọn ọjọ́ pípẹ́ ló wá rà á, iye tó wù wọ́n ni wọ́n dá lé e. Àwọn tó jẹ gbèsè ò yọjú. Àwìn ni wọ́n ń tajà fún àwọn ará abúlé, kí kòkó tó dé, ta ló máa lọ láti abúlé dé abúlé gbowó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ìwé tí wọ́n kọ gbèsè yẹn sí bá wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́, owó inú rẹ̀ ò bá wọn dé.

Lọ́rí ló kó wọn gba Togo àti Dahomey wálé. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Gbogbo wọn wọ ilé oníyàrá mẹ́jọ, wọ́n bá àwọn ẹbí tó ti pín yàrá láàárín ara wọn. Bàbá wọn di ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú ní ẹni àádọ́ta ọdún ó lé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pe ìyá àgbà ní "ọmọ Gánà" nítorí pé Twi ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn tí nǹkan bá dẹ́rù bà wọ́n. Ó ṣì ń jáde títí dòní.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn máa sùn lórí ọjà kó sì máa kọ́lé ńlá síbi tí kò sí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àkànní nígbà tó ra ilẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ìyá àgbà ní, "Ilé yẹn ló gbà wá." Mi ò rí èsì fún wọn.

Ohun tó kù yìí ni wọn ò fẹ́ kí n gbà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àpò onílà-onílà yẹn ń jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Mo máa ń rí àwọn tó ń sọ lórí ayélujára pé a gbẹ̀san. Ẹ̀san wo? Lára ta?

Ìbàdàn ni ìyá àgbà wà nígbà náà. Aránṣọ kan wà lójúlé kejì, ọmọ Kumasi ni. Twi ni òun àti ìyá àgbà jọ máa ń sọ tí wọn ò bá fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́, ó gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n bá òun rà á.

"Mo ná an," ni ìyá àgbà wí. "Mo mọ̀ pé kò lè rù ú, mo mọ̀ pé kò sí ọjọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ná an. Irú owó tí wọ́n fi ra abọ́ bàbá mi, irú ẹ̀ ni mo fún un."

Wọn ò wojú mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Maṣíìnì yẹn ṣì wà ní yàrá wọn. Òun ni wọ́n fi rán yúnífọ́ọ̀mù mọ́mì mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Àkànní pè. Ìyá àgbà béèrè ìwé. Ó ní, "Ìyá àgbà, káàdì tí mo fi hàn yín níjọ́sí, wọn ò lò ó mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Tí wọ́n bá ní kó o mú un jáde, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí ńkọ́?"

Àkànní rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, ó fi àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ sí mi. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní bèbè títì lọ́jọ́ kejì, mo fún ìyá àgbà. Wọ́n wò ó lójú-lẹ́yìn, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì.