Ìgbà òjò nínú iṣẹ́ fífọ ara ilé: ìtọ́sọ́nà fún àwọn oníṣẹ́ ní Onígbòǹgbò àti agbègbè rẹ̀

Iṣẹ́ fífọ ara ilé ni fífọ ògiri ìta, gíláàsì, òrùlé, ọgbà àti ilẹ̀ tí a fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́, yálà fún onílé, báǹkì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ilé iṣẹ́. Ní Onígbòǹgbò, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àgbègbè Ìdàgbàsókè Ìjọba Ìbílẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, iṣẹ́ yìí ní oníbàárà púpọ̀. Ọ́fíìsì àti ilé ìtura wà láti Maryland dé Ọ̀pẹ̀bí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì wà ní Òrègún, Agídíǹgbì, Ògbà àti Agége tí kò jìnnà sí i. Síbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ ní oṣù Kìíní lè jókòó lásán fún ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù Kẹfà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ilé kò sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Oníṣẹ́ ìfọlé kò tilẹ̀ nílò ifá láti mọ ìgbà tí iṣẹ́ yóò dín, nítorí àwọn oṣù kan náà ni ó ń dín lọ́dọọdún. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àlàyé yìí ni pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni a ti ń múra sílẹ̀ fún ìgbà òjò, àti pé àìmúrasílẹ̀ lè gba ohun tí ó ju owó lọ lọ́wọ́ ẹni.

Bí ọdún ṣe pín

Ní Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀, òjò a máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti oṣù Kẹrin. Oṣù Kẹfà ni ó sábà máa ń pọ̀ jù lọ, tí omi rẹ̀ lè ju 300 mílímítà lọ láàárín oṣù kan ṣoṣo. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ láti nǹkan bí ìparí oṣù Keje títí wọ inú oṣù Kẹjọ. Òjò àrọ̀kúrò a tún dé ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn, inú rẹ̀ sì ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà.

Eruku ọyẹ́ àti ìmúra fún ọdún Kérésìmesì ni ó ń mú kí iṣẹ́ pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, oníbàárà a ní kí oníṣẹ́ má ṣèyọnu, òjò yóò fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà tán. Òjò a máa ṣan eruku lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin rẹ̀ ni ó ń mú kí ohun aláwọ̀ ewé àti dúdú hù sára ògiri àti íńtálọ́ọ̀kì, tí ilẹ̀ fi ń yọ̀. Iṣẹ́ wà nínú òjò. Kì í kàn ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Owó tí ó yẹ kí a fi pamọ́

Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ kọ iye tí ó ń ná lóṣooṣù sílẹ̀, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí: owó òṣìṣẹ́, owó ilé, àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó ọkọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ká ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Bí owó tí ó wọlé ní oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje bá jẹ́ ìdajì iye yìí lóṣù, àìtó oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦900,000. Bí àìtó oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá bá jẹ́ ₦150,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ di ₦1,200,000. Ẹni tí ó bá pín iye yìí sí oṣù mẹ́fà, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin, yóò máa fi ₦200,000 pamọ́ lóṣù. Kí a tó fọwọ́ kan èrè ni kí a ti yọ owó yìí sọ́tọ̀.

Owó náà kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ owó oúnjẹ ilé. Ó lè wà ní báǹkì, lọ́wọ́ alájọ tí a fọkàn tán, tàbí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè yá owó lórí ohun tí ó ti fi pamọ́.

Ọ̀nà kejì ni àdéhùn ọlọ́dún kan. Dípò kí a máa gba owó ìgbàkúùgbà tí a bá fọ ilé iṣẹ́ kan, kí a ka gbogbo iṣẹ́ tí a óò ṣe níbẹ̀ lọ́dún, kí a ro owó rẹ̀ pọ̀, kí a sì pín in sí oṣù méjìlá. Oníbàárà yóò mọ iye tí yóò máa san. Oníṣẹ́ náà yóò mọ iye tí yóò wọlé, òjò ìbáà rọ̀, kó má rọ̀.

Iṣẹ́ tí ó bá ìgbà kọ̀ọ̀kan mu

Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, gọ́tà òrùlé àti ojú àgbàrá inú ọgbà ni kí a máa polówó. Èkó kò tíì gbàgbé òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, tí àgbàrá rẹ̀ gba ẹ̀mí. Ìdọ̀tí tí a bá kó jáde kò gbọ́dọ̀ padà sínú gọ́tà àdúgbò. Inú àpò ni kí ó wà títí ọkọ̀ akólẹ̀ tí LAWMA fọwọ́ sí yóò fi kó o.

Ní oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, a lè fọ táńkì omi, inú gíláàsì, ilé ìkẹ́rùsí àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó ní òrùlé. A sì lè fọ íńtálọ́ọ̀kì tí ó ti ń yọ̀ láàárín òjò kan sí èkejì.

Ìdádúró òjò oṣù Kẹjọ bọ́ sí àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ó dára kí oníṣẹ́ ti lọ bá àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹfà, kí ó lè fọ ògiri wọn kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ní ìgbà àrọ̀kúrò, kí a tún ẹ̀rọ ṣe, kí a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà dá owó iṣẹ́ oṣù Kejìlá.

Ohun tí kò yẹ kí a dán wò

Àìrówó ni ó máa ń mú kí ọ̀gá rán ọmọ iṣẹ́ gorí òrùlé tí ó tutù. A kò gbọ́dọ̀ gun àkàbà nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí tí mànàmáná ń kọ. A kò sì gbọ́dọ̀ fọ́n omi sí ibi tí wáyà iná wà. Àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan ní agbègbè wa ṣì ní òrùlé asbestos. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tí ń fi agbára fọ́n omi fọ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, nítorí yóò tú àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ jáde tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ. Bákan náà, Jíkì kò gbọ́dọ̀ pàdé ásíìdì tí a fi ń fọ táìlì: èéfín tí ó ń jáde láti inú àdàpọ̀ méjèèjì lè pani.

Àwọn òṣìṣẹ́

Ẹni tí a bá lé lọ ní oṣù Kẹfà kò dájú pé yóò padà ní oṣù Kejìlá, ẹni tuntun tí a bá sì gbà kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró lórí àkàbà. Ó sàn kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ọjọ́ iṣẹ́ àti owó ìgbà òjò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń mójú tó, pa á láṣẹ kí agbanisíṣẹ́ máa san owó ìdáàbòbò, kí ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú.

Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Àjọ LSETF, tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, wà fún yíyá àwọn oníṣòwò kékeré lówó. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ ni ó dára láti tọrọ owó, nítorí ìwé owó tí ó wọlé ni ẹ̀rí oníṣẹ́. Fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Okò-Ọba, Agége. Fún ọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, a lè kàn sí Àjọ Ààbò ti Ìpínlẹ̀ Èkó.

Láyé àtijọ́, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn bàbá wa ń mọ ògiri, tí wọ́n sì ń rẹ́ ẹ, kí ó lè gbẹ kí òjò tó dé. A rọ gbogbo àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òwò wọn, kí òjò lè bá a ní gbígbẹ.