Ojú Ta Ni Ojú Okonkwo? Èrò Àwọn Òǹwòran lórí Things Fall Apart

Ní Àgọ́ Palace, ní agbègbè Ọ̀kọ́tà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣọ́dì-Ìsọlọ̀, Yorùbá àti Ìgbò jọ ń gbé pọ̀, nígbà mìíràn nínú ọgbà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Okonkwo láàárín àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí ojú Pete Edochie má kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, inú ìwé ni Okonkwo ti wá, ìwé kì í sì í ní ojú. Báwo ni òṣèré kan ṣe wá di ojú ẹ̀dá-ìtàn, kí sì ni ìfẹ́ tí àwọn òǹwòran ní sí i bò mọ́lẹ̀?

Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Heinemann ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ Things Fall Apart jáde. Iṣẹ́ rédíò ni Chinua Achebe ń ṣe ní Èkó nígbà tó kọ ọ́. Ìlú Umuofia ní ilẹ̀ Ìgbò ni ìtàn náà ti wáyé, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òyìnbó gbé ẹ̀sìn àti ìjọba rẹ̀ dé. Ní ọdún 1987, NTA sọ ìwé náà di eré alátẹ̀léra lórí amóhùnmáwòrán. David Orere ni adarí eré. Edochie, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ rédíò, ló ṣe Okonkwo. Justus Esiri, Nkem Owoh àti Sam Loco Efe wà nínú eré náà pẹ̀lú.

Lásìkò náà, kò sí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán aládàáni kankan ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1992 ló ṣí ìlẹ̀kùn yẹn. Ohun tí wọ́n ń wò ní Enugu ni wọ́n ń wò ní Ìbàdàn àti ní Kánò. Ìdí nìyí tí eré náà fi di ohun ìní gbogbo ènìyàn. Àwọn òǹwòran yin ohùn Edochie, ìrìn rẹ̀, àti bí òwe ṣe ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Àléébù tó hàn nínú eré náà ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Umuofia ń sọ, èdè tí àwọn àgbà ìlú yẹn kò gbọ́ rí. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ló jẹ́ kí Yorùbá àti Haúsá lè bá Ìgbò jókòó ti ìtàn náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ A24 ti Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe eré náà lọ́tun, pé Idris Elba ni yóò ṣe Okonkwo, àti pé David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní ìlú òyìnbó, wà lára àwọn olùgbéjáde. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ Ìgbò ló yẹ kí ó ṣe Okonkwo, nítorí Sàró àti Gánà ni àwọn òbí Elba ti wá. Àwọn mìíràn ní òṣèré ni òṣèré ń jẹ́. Elba kì í ṣe ará South Africa, ó sì ṣe Mandela ní ọdún 2013. Irú ìjà yìí ti wáyé rí, nígbà tí wọ́n yan Thandiwe Newton láti ṣe obìnrin Ìgbò nínú fíìmù Half of a Yellow Sun.

Ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń jà fún Okonkwo bí ẹni ń jà fún akọni. Okonkwo inú ìwé kì í ṣe akọni lásán. Ọdún mẹ́ta ni Ikemefuna fi gbé nílé rẹ̀, tó ń pè é ní bàbá. Àgbàlagbà Ezeudu kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ náà. Síbẹ̀ ó fi àdá ṣá a, nítorí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní ojo. Nígbà tó pokùn so, àwọn ará ìlú rẹ̀ kò lè fọwọ́ kan òkú rẹ̀.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin, nítorí àṣà ní kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní 1862. Bí a ti ń yìn ín fún ìgboyà ni a ń dárò ìlú tó bá a lọ.

Ewu ibẹ̀ nìyí: ojú òṣèré tó wuni a máa bo ẹ̀bi ẹ̀dá-ìtàn mọ́lẹ̀. Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá ní ọdún 1997, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ìgbésí Ayé Okonkwo. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ lórí eré àtijọ́ tàbí eré tuntun, kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, kí ó pàdé Okonkwo níbi tí kò ti sí ojú òṣèré kankan, àfi ìwà rẹ̀.