Bí Ọmọ Ogun Jàpáànì Ṣe Di Ẹ̀ṣọ́ Ìdáàbòbò Ara-Ẹni

Nígbà tí Jàpáànì túúbá ní 1945, kì í ṣe ìbọn nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, a ti pa ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso ogun orí ilẹ̀ àti ti orí omi rẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1947 wá fi èdìdì dì í: ẹsẹ̀ kẹsàn-án rẹ̀ wí pé orílẹ̀-èdè náà kọ ogun sílẹ̀ títí láé, kò sì ní tọ́jú ọmọ ogun mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jàpáànì yìí náà ni ó ṣẹ́gun Rọ́ṣíà ní 1905, tí ó sì gba Singapore lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1942.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a tíì pa dà nínú òfin náà, síbẹ̀ Jàpáànì tún ní ọmọ ogun. Mo gbà pé inú orúkọ ni ó yẹ kí a ti wá ìdí rẹ̀.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà ní oṣù kẹfà ọdún 1950. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ Jàpáànì ni a kó lọ síbẹ̀, ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, Ọ̀gágun MacArthur kọ̀wé sí Yoshida, olórí ìjọba, pé kí ó dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá àfikún sílẹ̀, 75,000 ènìyàn. Ọlọ́pàá kẹ̀! Nígbà tí wọ́n gba táǹkì pàápàá, wọn kò pè é ní táǹkì. ‘Ọkọ̀ àkànṣe’ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tí ó pe ẹkùn ní ológbò. Ní 1952 a pa orúkọ ẹgbẹ́ náà dà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1954, ó di Jieitai, èyíinì ni Ẹ̀ṣọ́ Ìdáàbòbò Ara-Ẹni, ti ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú.

Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀tàn lásán ni. N kò bá wọn gbà á tán. Orúkọ a máa roni, orúkọ yìí sì di ìjánu. Ní 1973, adájọ́ kan ní Sapporo dá a lẹ́jọ́ pé ẹgbẹ́ náà lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ ni ó yí ìdájọ́ náà pa dà ní 1976. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba fi ààlà sí owó ogun: kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí ilẹ̀ náà ń pèsè lọ́dún. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ kò tẹ òkè òkun títí di 1992, nígbà tí wọ́n lọ sí Kàǹbódíà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Láti 1954, wọn kò tíì pa ẹnì kan lójú ìjà.

Ṣùgbọ́n ìjánu náà ti ń dẹ̀. Ní 2014, ìjọba Abe tún òfin náà túmọ̀, pé Jàpáànì lè gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a bá kọlù, bí ewu náà bá kan ìwàláàyè òun fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ìjọba pinnu pé owó ààbò yóò di ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún títí 2027, àti pé àwọn yóò ra ohun ìjà tí í fò dé ilẹ̀ ọ̀tá. Wọn kò pa orúkọ ẹgbẹ́ náà dà.