Tan, pa, tẹ̀

Ọmọdé tí kò fojú kan àtùpà elépo rí á sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Bá mi tan tẹlifíṣọ̀n yẹn." Ìyá á pariwo láti yàrá pé, "Ẹ pa á kíá!" Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ń lò fún fìtílà ni ọmọ-ọmọ gbé lé gílóòbù, lé rédíò, lé fáànù, títí tó fi dé orí fóònù àti dátà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ṣèpàdé lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ bá àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ nìyí: ọ̀rọ̀-orúkọ là ń làágùn lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bá èdè kọjá láti ìran kan sí òmíràn.

Ẹ wo asọ̀rọ̀mágbèsì. Lọ́dún 1935 ni Rediffusion bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó: àpótí kan nínú ilé, wáyà tó so ó mọ́ ilé-iṣẹ́. Onílé kò lè yan ohun tó fẹ́ gbọ́, kò sì lè dá a lóhùn. Orúkọ yẹn bá rédíò ayé ìgbà náà mu rẹ́gí. Lónìí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò tíì parí gbólóhùn kan tí àwọn olùgbọ́ fi ń pè é láti bá a jiyàn. Amóhùnmáwòrán náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lóṣù kẹwàá 1959, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń mú ohùn àti àwòrán wọ ilé pọ̀. Ní báyìí, fóònù inú àpò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ayára-bí-àṣá dùn létí, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún un ṣe, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wù mí jù ni tẹ̀. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ni babaláwo ti ń tẹ Ifá sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, ìwé títẹ̀ náà ni. Àwọn bàbá wa tẹ wáyà sí ará ọ̀nà jíjìn. Tẹlifóònù aláago dé, wọ́n ní, "Tẹ̀ mí láago." GSM dé lọ́dún 2001, a ń tẹ nọ́ńbà, a ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Orin ni fóònù ọmọ ìsinsìnyí ń kọ, kò ní aago kankan, síbẹ̀ "tẹ̀ mí láago" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò kẹ́gàn ọ̀rọ̀-orúkọ. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ gidi, nítorí kíláàsì kò lè ṣe kó má dárúkọ nǹkan. Ohun tó ń dùn mí ni ká máa fi orúkọ dí ọ̀nà ìṣe. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gba wáàsí sílẹ̀, wọ́n sì ń pe ẹ̀rọ rẹ̀ ní agbohùnsílẹ̀. Gbà á sílẹ̀ ìbá ti tó wa fún ohun tí à ń fà wá sórí fóònù láti íntánẹ́ẹ̀tì. "Ṣe ìgbàsílẹ̀" ni wọ́n wá ń kọ sójú fóònù. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nílé?

Ẹ jókòó ti ọmọ-ọmọ tó ń kọ́ ìyá àgbà ní WhatsApp. "Ẹ fà á sókè, Màmá. Ẹ fi ìka gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tíì gbọ́wọ́ kúrò." Ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé ìwé àti bírò lọ.