Òpó Kan ní Minna àti Ààlà Ilẹ̀ Wa

Láti ìgbà tí fóònù ti ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀. Ẹnì kan á mú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sọ̀fé bàbá rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fóònù á sì gbé e lọ sínú oko ẹlòmíì. Ariwo á ta: wọ́n ti jẹ ilẹ̀ wa! Kí a tó máa pe ara wa lólè, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí nọ́ńbà yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Kí òyìnbó tó dé, pèrègún ni ààlà. Ibi tí pèrègún ò bá sí, odò ni, tàbí igi ńlá kan tí gbogbo ìdílé mọ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, torí àwọn àgbà tó mọ ìdí pèrègún ọ̀hún wà láyé. Ìgbà tí ilẹ̀ di ohun títà fún àlejò, tí ìjọba náà sì ń gba ilẹ̀, ni ìwé wọlé. Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀ sí olóṣèlú, sọ̀féyọ̀ ni. Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ṣẹ́ láàárín 1890 sí 1893, ó sì bójú tó ilẹ̀ ìjọba l'Ékòó kó tó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ní 1920, òun ló bá Olóyè Olúwa lọ sí London lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, Privy Council sì dá olóyè náà láre ní 1921. Èmi ò ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀ ló tètè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Iléẹ̀kọ́ sọ̀féyọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí, ọdún 1908 ni ìtàn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé sọ̀fé kan ò lè dá dúró. Bí mo bá ní oko mi bẹ̀rẹ̀ ní igba ẹsẹ̀ bàtà sí ìdí òpó kan, níbo ni òpó náà fúnra rẹ̀ wà? Ó gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo òpó orílẹ̀-èdè. Minna ni àwọn òyìnbó mú. Òpó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ L40. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ka àwọn yòókù. Láti orí òkè kan ni wọ́n ti ń fi theodolite wo òkè kejì àti ìkẹta, tí wọ́n ń so onígun mẹ́ta mọ́ onígun mẹ́ta bí ẹní ń hun àwọ̀n. Nínú igbó wa níhìn-ín, níbi téèyàn ò ti lè rí òkè kejì, ńṣe ni wọ́n ń la ọ̀nà tóóró, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn baba wa tó ń fi àdá ṣánko níwájú wọn, ẹ ò ní rí orúkọ wọn lórí máàpù.

Ayé ò rí roboto délẹ̀, ó fẹ̀ díẹ̀ láàárín. Torí náà, wọ́n ní láti yan ìrísí kan fún un kí ìṣirò tó ṣeé ṣe. Èyí tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clarke ṣírò ní 1880 ni wọ́n yàn. Òpó L40 àti ayé Clarke yìí ni wọ́n ń pè ní Minna Datum, òun ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wa títí dòní.

GPS ò mọ Minna rárá. Àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń yí ayé po ní ohun tó lé ní 20,000 kìlómítà sókè, àárín gbùngbùn ayé ni wọ́n ti ń ka tiwọn. WGS84 ni òǹkà tiwọn ń jẹ́, ìrísí ayé tó ń lò sì yàtọ̀ sí ti Clarke. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí ẹ bá gbé nọ́ńbà Minna sínú fóònù láì yí i padà, yóò yẹ̀ tó nǹkan bí 100 mítà. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà ò gùn tó 40 mítà, ẹ wá ro ó wò! Odidi pulọ́ọ̀tì méjì lè wà láàárín ibi tí fóònù ń sọ àti ibi tí ilẹ̀ yín wà gan-an. Ìwé ò purọ́, fóònù náà ò purọ́. Òǹkà wọn ni ò dọ́gba. Sọ̀féyọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń fi ìṣirò yí ọ̀kan padà sí èkejì.

Ìjọba àpapọ̀ náà mọ̀ pé ó yẹ ká kúrò lórí òpó àtijọ́. Ọ́fíìsì Surveyor-General ní Àbújá ti gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ sátẹ́láìtì tọ̀sán-tòru sí àwọn yunifásítì àti ibòmíì. NIGNET ni wọ́n pè é. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó, ọ̀kan wà ní FUTA l'Ákúrẹ́. Ó so mọ́ AFREF, ètò tí ilẹ̀ Áfíríkà fi fẹ́ ní òǹkà kan ṣoṣo dípò oríṣiríṣi tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ báyìí ló ń jẹ́ kó hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ń rìn, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ́dún. Láti 1960 sí 2020, ìyẹn ti tó mítà kan àbọ̀. Pèrègún, ìrókò àti òpó jọ ń rìn pọ̀ ni, ìyẹn ò fi da ààlà rú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọdún tó wọ̀n ọ́n sílẹ̀.

Wàhálà NIGNET ò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ omi tí gbogbo wa mọ̀: iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ibùdó kan ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lójú tèmi, owó tí wọ́n ń fi ra ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro, owó ìtọ́jú ni.

Èyí tó kàn wá nílé rèé. Lórí ìwé sọ̀fé yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Origin sí. Ẹ lè rí UTM Zone 31 níbẹ̀, tàbí West Belt, èyí tí ìlà àárín rẹ̀, 4°30', gba ẹ̀gbẹ́ Òṣogbo kọjá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ béèrè bóyá Minna Datum ni kí ẹ tó gbà á gbọ́ lórí fóònù. Ẹ má sì jẹ́ kí katakata tàbí bíríkìlà hú òpó àtijọ́ tó bá ṣì dúró. Tó bá ṣì wà ní àyè rẹ̀, sọ̀féyọ̀ lè fi sátẹ́láìtì wọ̀n ọ́n, kó sì so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ tuntun. Tí wọ́n bá ti hú u, ẹjọ́ ẹnu ló kù. Ẹni tó bá ní ìwé sọ̀fé àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ya fọ́tò tiyín, kí ibi tí wọ́n kọ Origin sí hàn dáadáa.